John Kemeny: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́

Lóde òní, bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ní òun fẹ́ẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ bi í léèrè irú ìwé ẹ̀rí tó ní. Èdè tí wọ́n ń pè ní Python wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí owó tí ẹnikẹ́ni yóò san kó tó gbà á. Ọ̀dọ́ náà yóò tẹ ìlà kan tàbí méjì, kọ̀ǹpútà yóò sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣe é dáadáa, ohun tó fẹ́ yóò hàn níwájú rẹ̀. Bó bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀rọ yóò sọ ìlà tí àṣìṣe náà wà fún un, yóò tún un ṣe, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí ayé kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ìṣirò, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹnjiníà díẹ̀ ló láǹfààní láti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí. Lára àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn náà, ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni John George Kemeny, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, tó sì jáde láyé ní ọdún 1992. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Thomas Kurtz, ni wọ́n ṣe èdè BASIC, èdè tí àìmọye ènìyàn káàkiri àgbáyé fi kọ géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láyé wọn. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gírámà ní Nàìjíríà náà kò ní í ṣàì mọ orúkọ BASIC, nítorí pé ó wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ orúkọ èdè yìí pọ̀ ju àwọn tó mọ ìtàn ẹni tó ṣe é lọ. Ìtàn náà la fẹ́ẹ́ sọ.

Ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa

Ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 1926 ni wọ́n bí Kemeny. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Tibor. Kí wọ́n tó bí ọmọ náà ni òfin kan ti wà ní Hungary, láti ọdún 1920, tó fi gbèdéke sí iye ọmọ Júù tó lè wọ yunifásítì. Bí ọmọ Júù ṣe gbọ́n tó kọ́ ni wọ́n ń wò, ìran tó ti jáde wá ni. Nígbà tó fi máa di ọdún 1938, ọ̀rọ̀ ti burú ju ìyẹn lọ. Hitler ti gba Austria tó múlé gbe Hungary, ìjọba Hungary pàápàá sì ti ṣe òfin tuntun láti fi dínà iṣẹ́ mọ́ àwọn Júù.

Tibor kò dúró wòran. Ní ọdún náà gan-an ló dá nìkan lọ sí Amẹ́ríkà láti wá ibi tí ìdílé rẹ̀ yóò forí pamọ́ sí. Ọdún 1940 ló tó rí wọn kó kúrò. Bàbá àgbà Kemeny kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò kúrò nílùú òun. Nígbà tí ìpakúpa àwọn Júù dé, ó bá a lọ, òun àti méjì nínú àwọn mọ̀lẹ́bí wọn tó ṣẹ́ kù sílé. Bí ìdílé kan ṣe pín sí méjì nìyẹn, tí àwọn kan yè, tí àwọn kan kò yè.

Kemeny kò tíì pé ọmọ ọdún 15 nígbà tó dé New York. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́ta péré, òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní nínú àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ó sì wọ Yunifásítì Princeton ní ọdún 1943 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò.

Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí. Ní ọdún 1945, wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí Los Alamos, ibi tí Amẹ́ríkà ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní ìkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ìṣirò, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Richard Feynman. Ẹ̀rọ ìṣirò IBM 17 ni wọ́n ń lò. Wọ́n pín ọ̀sán àti òru sí ọ̀nà mẹ́ta, bí àwọn kan ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé, àwọn ẹ̀rọ náà kì í sinmi. Síbẹ̀, ìṣirò kan ṣoṣo lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ibẹ̀ náà ni Kemeny ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní Budapest bíi tirẹ̀, nípa ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa fi iná mànàmáná ṣe ìṣirò, tí yóò sì máa tọ́jú àṣẹ tí wọ́n bá fún un sínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọkùnrin yìí lára. Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí ẹ̀rọ yìí.

Ó padà sí Princeton lẹ́yìn ogun. Bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, wọ́n yàn án láti máa ran Albert Einstein lọ́wọ́ nídìí ìṣirò. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé irú Einstein tún nílò ẹni tí yóò bá a ṣe ìṣirò. Kemeny a wá ṣàlàyé fún wọn pé físíìsì ni agbára bàbá náà wà, pé ó nílò ẹni tó mọ ohun tó ń lọ nínú ìmọ̀ ìṣirò lásìkò náà. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ọ̀dọ́ tó bá ń tijú láti béèrè ohun tí kò yé e. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àti Einstein náà béèrè. Ní ọdún 1949 ni Kemeny gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1953 sì ni wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dartmouth, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní ìlú Hanover, ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà náà.

Páálí tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin

Nígbà tí Kemeny dé Dartmouth, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1956, ó gba Thomas Kurtz síṣẹ́, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Princeton ni. Kọ̀ǹpútà tó sún mọ́ wọn jù tí wọ́n lè lò wà ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, nítòsí ìlú Boston. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lásìkò náà, ènìyàn kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà. Orí páálí pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń dá ihò sí, ihò náà ni ẹ̀rọ yóò sì kà. Kurtz yóò kó àwọn páálí náà sínú àpótí irin, yóò gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Boston. Àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò fún ẹ̀rọ jẹ, ìwé ìdáhùn yóò sì jáde. Bó bá jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ló ṣì dá, ẹ̀rọ kò ní í ṣe iṣẹ́ náà. Ó di kó padà sílé, kó tún un ṣe, kó sì dúró di ìrìn àjò mìíràn. Ẹni tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò lè fara dà á, nítorí pé nínú àṣìṣe ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń gbọ́n. Bí àtúnṣe àṣìṣe kan bá ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún mélòó ni yóò fi mọ iṣẹ́?

Ní ọdún 1959, Dartmouth ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ LGP-30. Ohun tí Kemeny rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́ yà á lẹ́nu. Àwọn ọmọ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibòmíràn rò pé agbára wọn kò lè ká. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kemeny àti Kurtz wá jókòó, wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó wà ní Dartmouth, ẹyọ kan péré ló ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́ta tó kù ni yóò di agbẹjọ́rò, olóṣèlú àti olórí ilé-iṣẹ́. Àwọn náà ni yóò máa pinnu bí wọn yóò ṣe lo kọ̀ǹpútà láwùjọ, wọn kò sì ní í mọ ohun kan nípa rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wá gbà pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àti èyí tó ń kọ́ ìtàn, àti èyí tó ń kọ́ orin.

Aago mẹ́rin ìdájí

Ìṣòro méjì ló dojú kọ wọn. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà wọ́n gan-an, kò sì sí bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lè ní tirẹ̀. John McCarthy tó wà ní MIT ló gba Kurtz nímọ̀ràn pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti jẹun nílé olóúnjẹ tí èrò pọ̀ sí yóò mọ bó ṣe rí. Ìyá olóúnjẹ yóò bu àmàlà fún ẹnìkan, yóò yíjú sí ẹlòmíràn, yóò bu ọbẹ̀ sí tirẹ̀, yóò tún gba owó lọ́wọ́ ẹnìkẹta. Ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí oníkálukú fi rò pé òun nìkan ni ìyá náà ń dá lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀ fún ẹnìkan, tí yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ òun.

Ìṣòro kejì ni èdè. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà bíi Fortran àti Algol ti wà, ṣùgbọ́n òfin wọn le, àwọn onímọ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Kurtz kọ́kọ́ rò pé àwọn lè gé Fortran kúrú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kemeny ní kí àwọn kúkú ṣe èdè tuntun tí ẹnu àwọn ọmọ náà yóò gbà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1963, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò tí yóò máa túmọ̀ èdè náà fún ẹ̀rọ. Àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fún wọn lówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń ṣiyèméjì pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láṣeyọrí. Kọ̀ǹpútà GE-225 dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí Michael Busch àti John McGeachie ṣáájú wọn, ló sì kọ ètò tí yóò máa pín ẹ̀rọ náà láàárín àwọn tó ń lò ó. Wọn kì í sùn, ọ̀sán wọn di òru, òru wọn di ọ̀sán.

Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 1964, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní Dartmouth, Kemeny àti akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì tí wọ́n fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Àwọn méjèèjì pàṣẹ kí ètò wọn ṣiṣẹ́. Ìdáhùn tó tọ̀nà sì jáde lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Bí wọ́n ṣe bí BASIC nìyẹn.

Àṣẹ 14 péré

Àṣẹ 14 péré ló wà nínú BASIC àkọ́kọ́. PRINT ni àṣẹ tí wọ́n fi ń ní kí ẹ̀rọ tẹ nǹkan jáde. LET ni wọ́n fi ń fún nǹkan ní iye. IF ni wọ́n fi ń bi ẹ̀rọ léèrè bóyá ohun kan rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. FOR ni wọ́n fi ń ní kó tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ Amẹ́ríkà ń gbọ́ nílé kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò kó tó lè dá kọ ètò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkúrú nìkan ló mú kí BASIC yàtọ̀. Kemeny àti Kurtz fi òfin lé ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń lo èdè náà kò gbọdọ̀ nílò láti mọ ohun tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ. Wọ́n ní ìdáhùn gbọ́dọ̀ tètè dé. Wọ́n ní bí àwọn bá fi nǹkan tó jinlẹ̀ kún un fún àwọn tó ti mọ iṣẹ́, kò gbọdọ̀ di ẹrù lórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni pé wọ́n ní bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ fún un lọ́nà tó yé e, tí kò sì ní í dójú tì í. Lásìkò tí ẹ̀rọ máa ń da nọ́ńbà tí kò yé ẹnikẹ́ni sójú ìwé bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ohun tuntun nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ọmọ bá kọsẹ̀, ẹ wo ọ̀nà kí ẹ tó bá ọmọ wí.

Wọn kò ta èdè náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lò ó. Kemeny máa ń fi kọ̀ǹpútà wé ilé ìkàwé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè wọlé, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé, kó jókòó, kó kà á, láìsí pé ó ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ẹ́ fi ṣe. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth fi mọ BASIC. Láti ibẹ̀ ni wáyà tẹlifóònù ti gbé e dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Eré tó di ẹ̀kọ́

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ sáré gbà ni eré. Àwọn mìíràn ìbá bínú pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá ṣeré. Kemeny kò bínú, òun pàápàá bá wọn ṣe é. Ní ọdún 1965, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dartmouth na Princeton nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó, ó kọ géèmù kan tí wọ́n pè ní FTBALL. Ẹni tó bá ń ta á ni yóò máa pinnu bí Dartmouth yóò ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà, kọ̀ǹpútà yóò sì máa tẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ jáde. Òun àti Kurtz kọ ọ́ síta ní ọdún 1968 pé àwọn àlejò pàtàkì ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó ti eré yìí. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá ti bá ẹ̀rọ ṣeré kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá mọ ayò kò ní í ṣàríyànjiyàn lórí èyí. Àwọn bàbá wa kò ka ọpọ́n ayò sí eré ọ̀lẹ. Ìṣirò ni, ìrònú ni, mímọ ohun tí ẹnìkejì fẹ́ẹ́ ṣe ni. Ẹ jẹ́ ká mú géèmù kékeré kan tí àwọn olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Kọ̀ǹpútà yóò mú nọ́ńbà kan ní ìkọ̀kọ̀ láàárín 1 sí 100. Ọmọ náà yóò dárúkọ nọ́ńbà tó rò pé ó jẹ́. Bó bá kéré, ẹ̀rọ yóò sọ pé ó kéré. Bó bá pọ̀, yóò sọ pé ó pọ̀. Yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi mọ̀ ọ́n. Ètò tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ tán ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan sínú ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan, àti bí wọ́n ṣe ń tún iṣẹ́ ṣe títí ìdí rẹ̀ yóò fi pé. Bí ọmọ náà bá tún gbọ́n, yóò kọ́kọ́ dárúkọ 50, yóò sì máa pín èyí tó kù sí méjì nígbà gbogbo. Kò ní í ju ìgbà 7 lọ kó tó rí i mú. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ló ń kọ́.

Ní ọdún 1968, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Seattle, ẹgbẹ́ àwọn ìyá dá owó jọ láti fi gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà tó jìnnà réré. Ọmọkùnrin kan tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13 kọ́ BASIC níbẹ̀. Ètò àkọ́kọ́ tó kọ ni géèmù tí ènìyàn yóò ti máa bá ẹ̀rọ kọ X àti O sínú ojú ilé 9. Orúkọ ọmọ náà ni Bill Gates. Ní ọdún 1975, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Paul Allen, fi BASIC tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Altair bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ Microsoft. Ní ọdún 1973 ni ìwé David Ahl tó kó géèmù 101 jọ ní èdè BASIC ti jáde. Àìmọye ọmọ ló ń tẹ àwọn géèmù inú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe, tí wọ́n ń tún un ṣe, títí wọ́n fi di ẹni tó mọ iṣẹ́.

Iná kékeré tó ṣi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́nà

Ní ọdún 1970, wọ́n fi Kemeny ṣe ààrẹ Dartmouth. Láti ọdún 1769 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé láti gba oyè àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jáde níbẹ̀ kò fẹ́ kí ìyẹn yí padà. Kemeny dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin ní ọdún 1972. Ó tún rí i pé wọ́n ń gba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n torí wọn dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn. Ọmọ tó wá láti ilẹ̀ tí òfin ti ń ka iye irú rẹ̀ tó lè wọ yunifásítì ló ṣe èyí. Ní gbogbo àkókò tó fi jẹ́ ààrẹ, kò fi kíláàsì sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 1979, jàǹbá kan ṣẹlẹ̀ ní Three Mile Island, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo agbára átọ́ọ̀mù ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ààrẹ Jimmy Carter ní kí Kemeny ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ yìí ló sì fi ohun tí Kemeny ti ń sọ láti ọjọ́ BASIC hàn kedere.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdérí páìpù kan ṣí, ó sì yẹ kó padà dé. Kò dé. Omi tó ń mú kí ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù tutù ń jò lọ láti ibẹ̀. Iná kékeré kan wà lójú pátákó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wò. Iná náà fi hàn pé wọ́n ti pàṣẹ kí ìdérí náà dé. Kò fi hàn bóyá ó dé lóòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wò ó, wọ́n gbà pé ó ti dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aago ìdágìrì tó lé ní 100 ń dún, èyí tó ṣe pàtàkì àti èyí tí kò ṣe pàtàkì, gbogbo rẹ̀ ń dún pọ̀. Nínú ìdààmú náà, wọ́n dín omi tó yẹ kí wọ́n fi kún un kù. Apá kan nínú ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù náà sì yọ́.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìgbìmọ̀ Kemeny gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún wọn kò tó, pé ojú pátákó tí wọ́n ń wò dàrú, àti pé àwọn aláṣẹ kò kọ́gbọ́n nínú àwọn àṣìṣe tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ohun tí Kemeny ti mọ̀ nígbà tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló tún rí níbi tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ewu: bí ojú tí ẹ̀rọ fi ń wo ènìyàn bá ń parọ́, ọlọ́gbọ́n pàápàá yóò ṣìnà.

Ìkẹyìn rẹ̀ àti ogún tó fi sílẹ̀

Ní ọdún 1981, Kemeny fi ipò ààrẹ sílẹ̀, ó padà sí kíláàsì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yin BASIC. Àwọn onímọ̀ kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà tí kò dára nínú iṣẹ́ náà. Kemeny àti Kurtz gan-an kò fara mọ́ àwọn BASIC tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti gé kúrú, tí wọ́n ti yí padà kó lè wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké. Ní ọdún 1983, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣe èyí tí wọ́n pè ní True BASIC. Kò gbilẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1992, John Kemeny dágbére fáyé. Ọmọ ọdún 66 ni. Thomas Kurtz gbé ayé pẹ́ jù ú lọ, ọdún 2024 ni òun papò dà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là kò dí. Ní Netherlands, àwọn onímọ̀ kan ṣe èdè kan tó ń jẹ́ ABC, tí wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa lò dípò BASIC. Guido van Rossum bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tó fi ṣe Python tó gbé jáde ní ọdún 1991. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ ní fèrèsé àti bọ́tìnnì tí ènìyàn yóò máa tẹ̀ yóò rí tkinter tó ń bá Python wá. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ṣe géèmù tí àwòrán inú rẹ̀ ń rìn yóò rí pygame tó ti wà láti ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí BASIC ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Dartmouth.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí géèmù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá títa ló ń ta á tàbí ṣíṣe ló ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ṣíṣe ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù ńlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fi ìlà kọkànlá kún un, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ̀rọ bá sì sọ pé ẹ ti ṣe àṣìṣe, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó sọ, ẹnìkan ti jà kó lè bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá dé ibi tí ẹ̀yin náà ti ń fi bọ́tìnnì àti iná sí ojú ètò fún ẹlòmíràn, ẹ rántí iná kékeré Three Mile Island. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ yín sọ pé iṣẹ́ ti parí nígbà tó jẹ́ pé àṣẹ nìkan lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Bí ẹni tó ń lo ètò yín bá sì ṣìnà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ètò náà dáadáa, kí ẹ tó sọ pé onítọ̀hún kò mọ nǹkan kan.